Kí ni ìtumọ̀ "dìbò kóo sebẹ̀"?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Challenge nílùú Ìbàdàn níbí ló bi mí pé kí ni "dìbò kóo sebẹ̀" túmọ̀ sí gan-an, ṣé òwe àtijọ́ ni? Ó ní òun bá ìyá òun wí pé wọ́n gbowó lọ́wọ́ aṣojú ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ ìbò, ìyá ní ẹ̀bùn ni, pé kò sí nínú àṣà Yorùbá kéèyàn máa kọ ẹ̀bùn.

Kì í ṣe òwe àtijọ́ rárá. Èdè olóṣèlú ni, kò sì tíì pẹ́ nílẹ̀. Ìgbà ìdìbò gómìnà Òndó lọ́dún 2016 ló gbòde kan, ó tún rinlẹ̀ ní Èkìtì ní 2018, kó tó di ohun tó kún ẹnu gbogbo wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le: tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ wa, gba owó, lọ fi ra ata àti ẹja.

Ohun tó jẹ́ kó tètè wọ̀ wá lára ni ọbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Nílé Yorùbá, owó ọbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe owó ọjà. Ẹ̀tọ́ ìyàwó ni lọ́rùn ọkọ. Ojú kì í ti obìnrin láti bèèrè rẹ̀. Ọkọ tí kò rí i fún un ni ojú ń tì. Ẹni tó kọ́kọ́ so ìbò mọ́ ọbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: ó gbé olóṣèlú sípò baálé, ó sì nu ìtìjú kúrò lójú ẹni tó gbowó. Ká ní "dìbò kóo gbàbẹ̀tẹ́lẹ̀" ló sọ, ta ni ì bá dá a lóhùn?

Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí sì ni orúkọ tí àwọn baba wa fún un. Ẹ tú u wò: à-bẹ̀-tẹ́lẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀ sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó délẹ̀. Ẹ̀bùn kì í lẹ́jọ́ lẹ́yìn. Ẹni tí aládùúgbò bu ẹran fún lọ́jọ́ Iléyá, kò sẹ́ni tó ń yọjú wo ibi tó máa tẹ̀ka sí. Lọ́dún 2019, mo wà lórí ìlà ní Ọjẹ́. Obìnrin tó wà níwájú mi tẹ̀ka tán, kò ká ìwé ìbò rẹ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó yí i sápá òsì. Ọkùnrin kan tó fara ti ògiri mi orí. Ìgbà náà ló tó ká a, tó sọ ọ́ sínú àpótí. Kò wojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń yà sí kọ̀rọ̀ lọ gba tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn kì í rìn báyẹn.

Àwọn kan á ní ṣebí Ìbàdàn ti ń jẹ àmàlà olóṣèlú tipẹ́. Òótọ́ ni. Ní agboolé Olóyè Làmídì Adédibú, àgbà olóṣèlú Ìbàdàn, ní Mọ́lété, kí wọ́n tó kú lóṣù kẹfà ọdún 2008, iná kì í kú nídìí ààrò, ẹni tó bá wọlé á jẹun. Ibẹ̀ ni òṣèlú àmàlà ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó ẹran? Bàbá fúnra wọn sọ fún oníròyìn ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti Gómìnà Ràṣídì Ládọjà, tó ti di Olúbàdàn báyìí: wọ́n ní mílíọ̀nù 65 náírà ń wọlé lóṣooṣù fún ètò ààbò, gómìnà ò sì fún àwọn ní mílíọ̀nù 15 nínú rẹ̀. Owó ìlú ni wọ́n ń bèèrè yẹn.

Tòde òní tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù lásán tí APC tà fẹ́ni tó fẹ́ dupò ààrẹ ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni. Ti gómìnà, mílíọ̀nù 50. Òfin ìdìbò ọdún 2022 yẹn gba olùdíje gómìnà láyè nígbà náà láti ná bílíọ̀nù kan náírà, ó sì ní kẹ́nì kan má fi ju mílíọ̀nù 50 ta olùdíje lọ́rẹ. Ta ló lówó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe aláta Bódìjà. Agbaṣẹ́ṣe tó ń retí iṣẹ́ títì ni. Òun náà ń sebẹ̀, ìkòkò tiẹ̀ ló kàn tóbi. Òfin 2022 yẹn kan náà sọ nígbà náà pé ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí kí wọ́n san 500,000 náírà, tàbí méjèèjì.

Àbúrò, má bá ìyá jà. Ebi tó wà nílẹ̀ kì í ṣe irọ́, owó yẹn sì wọlé lọ́jọ́ tí ìkòkò gbẹ. Ohun kan ṣoṣo ni kóo bi wọ́n. Ọkọ tó bá fún ìyàwó lówó ọbẹ̀ láàárọ̀, á padà wálé lálẹ́ wá jẹ ọbẹ̀ náà. Ọkùnrin tó fún wọn lówó lọ́jọ́ ìbò ńkọ́, ìgbà wo ló tún ya ilé yín?