Kí ni mo lè ṣe kí jíìpù àtijọ́ mi má máa jẹ epo tó báyìí láti Abẹ́òkúta sí Èkó?

Ẹ kú ìnáwó epo o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Pathfinder 1998 ni, ẹ sì máa ń gba Ṣágámù. Eré sísá ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Jíìpù ga, ó sì fẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń bá jà: tí ẹ bá sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan dípò 100, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá a dúró á dín ní ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ tú irin ẹrù orí rẹ̀ náà tí ẹ ò bá lò ó.

Ohun tí mo fura sí jù ni thermostat, ẹ̀rọ kékeré tó ń dá omi dúró kó má tíì lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Bí mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan báyìí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa á yọ ọ́ sọnù. (Ẹ bi tiyín léèrè!) Láìsí i, ẹ́ńjìnnì lè má gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i ni, á sì máa da epo kún un. Tí ẹ bá dé Ṣágámù tí abẹ́rẹ́ géèjì ooru ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ ra thermostat tuntun, kò wọ́n.

Táyà ńkọ́? Kí fọkanáísà fún un ní iye atẹ́gùn tí wọ́n sábà máa ń kọ sára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, láàárọ̀ tí táyà ṣì tutù. Lójú títì ọ̀dà, 2H (ẹsẹ̀ méjì ló ń wa mọ́tò) ni kí jíà kékeré wà, kì í ṣe 4H (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin). Tí ẹ bá sì dúró, tí ríìmù kan gbóná ju ìyókù lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bíréèkì ibẹ̀ ló ń há.