Èsì: Kí ni àyẹ̀wò KRAS wà fún?

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ ní kí ló dé tí dókítà fi ní kí ẹ dúró de èsì àyẹ̀wò KRAS (jíìnì kan nínú sẹ́ẹ̀lì) kí Bàbá tó gba oògùn cetuximab fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, àbí owó ni wọ́n ń wá. Rárá o! Àyẹ̀wò yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kí owó yín ṣòfò.

Lára sẹ́ẹ̀lì, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní EGFR; ó dà bí bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, KRAS tó wà nínú ilé á gbé iṣẹ́ wọlé pé kí sẹ́ẹ̀lì máa bí sí i. Cetuximab ń bo bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí KRAS fúnra rẹ̀ bá ti yí padà, ńṣe ni aago á máa dún láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan. Kí wá ni bíbo bọ́tìnnì fẹ́ ṣe? Nínú aláìsàn 10, ti bíi 4 ló máa ń rí báyìí.

Ẹran jẹjẹrẹ tí wọ́n gé nígbà iṣẹ́ abẹ sábà máa ń tó fún àyẹ̀wò náà. Inú ìda bíi ti àbẹ́là ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ NRAS àti BRAF, àwọn jíìnì míì tó ń gbé irú iṣẹ́ yẹn, wò pẹ̀lú.