Ayẹyẹ ìrékọjá láti kọ́ọ̀bù sí síkáòtù: ohun tí ẹ ó ṣe ṣáájú, àti ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Àkélà, ẹ̀yin ọ̀gá kọ́ọ̀bù. Ẹ ní ọmọ 8 ló fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kọ́ọ̀bù yín, ẹ̀ka àwọn ọmọ kékeré, ní Kubwa l'Abuja bọ́ sí ẹgbẹ́ síkáòtù, ẹ̀ka àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, àwọn òbí ń fẹ́ ayẹyẹ tó jọjú, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kánópì àti ìrẹsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ọjọ́ náà.

Ohun tó ń ba ìrékọjá jẹ́ jù ni pé ọmọ á kọjá tán, á bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n tí kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Sátidé kejì, kò ní wá. Sátidé kẹta, ìyá rẹ̀ á ní lẹ́sìnnì ló ń lọ. Bí ẹ̀ka kékeré ṣe ń pàdánù àwọn ọmọ tó ti lo ọdún 3 tàbí 4 nìyẹn, ayẹyẹ aláriwo kò sì lè dá ẹnì kankan padà. Torí náà, kí àwọn ọmọ 8 náà máa lọ sí ìpàdé síkáòtù fún ọ̀sẹ̀ 6 gbáko, kí ẹnì kan nínú àwọn ọ̀gá kọ́ọ̀bù máa mú wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, eré àti wíwò lásán. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ pín wọn sí pátíróòlù, ìyẹn ọ̀wọ́ kékeré nínú ẹgbẹ́ síkáòtù, tí wọn yóò wà gan-an. Ẹ má kó àwọn 8 sínú pátíróòlù kan, wọ́n á sọ ọ́ di ẹgbẹ́ kọ́ọ̀bù mìíràn. Ẹ má sì fi ọmọ kan ṣoṣo síbì kan. Méjì-méjì ló dára jù, kí àwọn méjì náà sì jẹ́ ọ̀rẹ́. Olórí pátíróòlù gbọ́dọ̀ mọ orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, àti ẹni tó ń wá mú wọn lọ sílé, kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí.

Ohun kejì tí mo máa fi dandan lé: ẹ má pa ìrékọjá pọ̀ mọ́ ìbúra síkáòtù. Àwọn òbí á fẹ́ ẹ torí pé wọ́n fẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ọ̀gá míì náà á sì gbà torí owó. Ọmọ tó kọjá lónìí kò tíì kọ́ ohun tí síkáòtù ń kọ́ kó tó búra. Bó bá búra láàárín ariwo àti fótò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sórí ló ń kà jáde. Ẹ jẹ́ kó kọjá, kó lo oṣù kan sí méjì nínú pátíróòlù rẹ̀, kó wá búra níwájú wọn. Baden-Powell, ẹni tó dá síkáòtù sílẹ̀, dá ẹ̀ka àwọn kékeré sílẹ̀ lọ́dún 1916 torí pé àwọn àbúrò ń yọ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́nu pé àwọn náà fẹ́ wọlé. Ẹ̀ka méjì ni, ìlérí wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ọjọ́ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ 22 oṣù kejì, ọjọ́ ìbí Baden-Powell. Ṣùgbọ́n ní 2026 àti 2027, ọjọ́ yẹn bọ́ sínú ààwẹ̀ Ramadan, ọmọ tó ń gbààwẹ̀ kò sì ní gbádùn ìdúró nínú oòrùn Abuja. Oṣù kẹta àti ìkẹrin, ooru ti pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́: òjò ti lọ, ọyẹ́ kò tíì kún, ìdánwò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí léèrè nípa bọ́dìn, ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Common Entrance lè ti wà ní bọ́dìn ní Kwali tàbí Bwari nígbà tí oṣù kọkànlá bá dé. Bí àwọn bẹ́ẹ̀ bá tó mẹ́ta nínú mẹ́jọ, ẹ ṣe ayẹyẹ náà nínú oṣù keje kí wọ́n tó lọ, kí ẹ gba kánópì torí òjò, kí ẹ sì kọ lẹ́tà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí yóò fi wọ ẹgbẹ́ síkáòtù ilé ìwé rẹ̀ bó bá wà.

Sátidé ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, oòrùn á wọ̀ yín lójú, ẹ ó sì máa bá àsìkò kírun ọ̀sán sáré. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nyanya tàbí Lugbe á pẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Torí náà ẹ kọ aago mẹ́jọ ààbọ̀ sínú ìwé ìpè, kí ẹ má sì dúró de àlejò pàtàkì kankan.

Afárá tí àwọn ọmọ máa gbà kọjá ló ń gba iṣẹ́ jù, ó sì tọ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn síkáòtù ni kó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ fún àwọn àbúrò. Ẹ má gbà káfíńtà. Pákó 1 by 12 méjì (íǹṣì kan ní nínípọn, íǹṣì 12 ní fífẹ̀), ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ẹ ó rí i ní ọjà Dei-Dei. Ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ibi tí wọ́n á rìn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Pákó tó nípọn ní íǹṣì kan máa ń tẹ̀ bí àwọn igi tó gbé e dúró bá jìnnà síra, torí náà ẹ fi igi ìdábùú 5 sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí gbogbo rẹ̀ má ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀. Òpó 6 fún ibi ìdìmú, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì: ọparun tó nípọn ní íǹṣì méjì, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní gígùn, kí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ wọlẹ̀. Ilẹ̀ Abuja máa ń le bí àpáta lẹ́yìn àsìkò òjò. Ẹ da omi sínú ihò kí ẹ tó ri òpó wọlẹ̀, kí ilẹ̀ lè rọ̀.

Ìdè jẹ́ 12: òpó mọ́ ìdábùú 6, òpó mọ́ igi ìdìmú 6. Ìdè kan lórí igi méjì tó nípọn ní íǹṣì méjì-méjì ń jẹ okùn bíi yáàdì mẹ́rin, torí náà yáàdì 50 ni kí ẹ rà. Okùn sísàlì ni, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, torí náílọ́ọ̀nù ń yọ̀. Wíwé ẹ̀ẹ̀mẹta, fífún láàárín ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ wá so ó. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni fífún yẹn: ọmọ á wé e dáadáa, á gbàgbé láti fún un, ìdè á sì máa mì bí wọ́n bá dì í mú. Nígbà ọyẹ́, ọparun ń gbẹ, ó ń sún kì, ìdè tó le lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ á ti dẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Kí àgbàlagbà kan mi òpó kọ̀ọ̀kan kí ọmọ kankan tó gun un. Bó bá jẹ́ oṣù keje, ẹ kan àpò ìrẹsì mọ́ orí pákó kó má yọ̀. Bí ọmọ kan bá wà tí ẹ̀rù ń bà, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jí pépé, kí gbogbo àwọn mẹ́jọ rìn lórí ìlà ẹfun nílẹ̀ dípò afárá. Ẹ má dá a yà sọ́tọ̀.

Ẹ má tan àbẹ́là, ẹ má sì dáná ní oṣù tí koríko ti gbẹ. Mo mọ̀ pé ó máa ń rẹwà nínú fótò.

Ètò fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 25 lọ. Kọ́ọ̀bù dúró ní òbìrí, síkáòtù dúró bí bàtà ẹṣin lódìkejì, afárá wà láàárín, àwọn òbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí oòrùn kò ti kọjú sí wọn. Àsíá Nàìjíríà wà lápá ọ̀tún àsíá ẹgbẹ́. Orin orílẹ̀-èdè yí padà ní oṣù karùn-ún 2024, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ tuntun náà nígbà ìdánrawò, torí àwọn òbí kan á bẹ̀rẹ̀ sí kọ ti tẹ́lẹ̀. Àdúrà: Mùsùlùmí kan, Krìsìtẹ́nì kan, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ ọmọ ló gbà á. Bí ẹ bá pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ìwàásù lẹ ó gbọ́.

Lẹ́yìn náà, kí kọ́ọ̀bù kígbe Grand Howl, igbe tí wọ́n fi ń kí Àkélà, kí àwọn mẹ́jọ náà wà nínú òbìrí lẹ́ẹ̀kan sí i. Àkélà á pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, á fi ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí síkáòtù ṣe ń kí ara wọn, á sọ gbólóhùn kan péré nípa ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ọmọ kẹta sí ìkẹjọ á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ á dá nìkan kọjá lórí afárá. Olórí pátíróòlù tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá síkáòtù, ló máa dúró lódìkejì, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì, á sì mú un lọ síbi tí pátíróòlù rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ dè é. Kí pátíróòlù náà ké igbe wọn kí ẹlòmíì tó kọjá. Ní Abuja, orúkọ Gbagyi, Ígbò, Haúsá, Yorùbá máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ gba àkọsílẹ̀ orúkọ lọ́wọ́ òbí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pè é fún yín.

Sikáàfù: bí aṣọ bá fẹ̀ ní íǹṣì 36, yáàdì kan tí ẹ gé láti igun dé igun á mú méjì jáde. Ọmọ 8, yáàdì 4. Ẹ má ra yunifọ́ọ̀mù síkáòtù kó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọjọ́ orí yìí ń ga lójoojúmọ́. Omi inú ọ̀rá: àpò kan jẹ́ 20. Ènìyàn 90, mẹ́ta-mẹ́ta, àpò 14. Pọfúpọ́ọ̀fù àti sóbò ti tó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ìrẹsì lọ sè é nílé rẹ̀.

Kí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, báàjì tó ti gbà, nọ́ńbà òbí, ikọ́ fée tàbí àrùn mìíràn tó bá ní, wà lọ́wọ́ ọ̀gá síkáòtù ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ, kì í ṣe lórí pápá. Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹ má tẹ̀lé wọn lọ sí ìpàdé tuntun. Bí wọ́n bá rí yín, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á máa wò. Ẹ pe ọ̀gá síkáòtù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ bèèrè ẹni tí kò wá, kí olórí pátíróòlù rẹ̀ pe ilé wọn kó tó di ọjọ́ Ajé.