Wọ́n bú mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì gba ọjà tó bàjẹ́ padà: kí ni mo lè ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra blender ní ilé-ìtajà ńlá kan. ₦26,000 ni mo rí lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ₦28,500 ni akáṣíà gbà lọ́wọ́ mi. Mo bi í léèrè, ó ní kí n má fi àkókò òun ṣòfò, pé ẹni tí kò bá lówó kì í wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo sanwó, mo bá tèmi lọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo fi lọ ata, ó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, ó sì dákẹ́. Mo gbé e padà, wọ́n nàka sí àkọlé ara ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo ní mo fẹ́ rí ọ̀gá wọn, ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá fà mí lápá jáde lójú gbogbo èèyàn. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí. Ṣé òfin wà fún irú èyí? Kí ló yẹ kí n ti sọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló lọ́ mọ́ra nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín: iye tó yí padà, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, èébú akáṣíà, àti ọwọ́ tí ẹ̀ṣọ́ fi kàn yín. Èébú ló ń dùn yín jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣòro jù láti gba nǹkan kan lé lórí. Òfin wà lẹ́yìn yín gbọnin-gbọnin lórí mẹ́ta yòókù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ yọ owó àti ọjà yín kúrò nínú ìjà, kí ẹ gbé wọn síwájú. Ẹni tó bá dá èébú padà níwájú káńtà, èébú yẹn ni gbogbo èrò máa rántí. Kò sẹ́ni tó máa rántí ₦2,500.

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yín ni òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, dìde láti gba ipò àjọ CPC tó ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Abala 115 nínú rẹ̀ ní kí onítajà kọ iye ọjà síbi tí oníbàárà á ti rí i, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ lọ. Bó bá kọ iye méjì sórí ọjà kan, èyí tó kéré ni ẹ máa san. Nítorí náà ₦26,000 ni owó blender yín, ₦2,500 tó lé sì jẹ́ owó yín lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan á ní VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ló fà á. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT. Lórí ₦26,000, ₦1,950 ni yóò jẹ́. Àwáwí yẹn kò tilẹ̀ bá ìṣirò mu. Ohun tó sábà ń fa ìyàtọ̀ yìí ni pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń yí iye padà, tí ẹni tó yẹ kó pààrọ̀ ìwé orí pẹpẹ kò tíì dé ibẹ̀. Àìbìkítà ni nígbà mìíràn, ọgbọ́n àrékérekè ni nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ẹ máa wádìí èrò ọkàn wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FCCPC ti ilé-ìtajà ńlá kan pa ní Garki, l'Ábùjá, nítorí pé iye orí pẹpẹ kò bá ti ẹnu káńtà mu.

Kí ló yẹ kí ẹ ti sọ? Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára akáṣíà mọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà ńlá, akáṣíà kò lè fúnra rẹ̀ yọ ọjà tó ti tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kúrò. Alábòójútó ló ní káàdì tàbí nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń pa á rẹ́. Bí owó inú àpótí bá sì dín nírọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń yọ ọ́ nínú owó oṣù akáṣíà náà. Ẹni tí èrò tò síwájú rẹ̀, tó ń bẹ̀rù kí owó má dín, tí kò sì lágbára láti ṣe ohun tí ẹ ń béèrè, ẹnu ló máa ń fi gba ara rẹ̀. Ìyẹn kò dá a láre rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè dá owó yín padà. Alábòójútó ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ fi "ẹ" bá akáṣíà sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ẹ lè bí. Gbàrà tí "ìwọ ọmọ yìí" bá ti jáde lẹ́nu yín, àwọn tó tò sẹ́yìn á gbà pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. ₦26,000 ni mo rí lórí pẹpẹ, fọ́tò rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe alábòójútó yín. Mo lè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ máa dá àwọn yòókù lóhùn." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí ó ń gbé ẹrù èrò kúrò lórí akáṣíà. Bó bá ṣì bú yín, ẹ má dáhùn èébú náà. Ẹ tún ohun kan náà sọ, ní ohùn kan náà: "Mo gbọ́. Alábòójútó ni mo ń dúró dè." Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ kì í ṣe dídákẹ́. Bí alábòójútó náà bá kọ̀, ẹ fi ọjà sílẹ̀ lórí káńtà, kí ẹ máa lọ. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú yín ra ohun tí ẹ kò tíì sanwó rẹ̀.

Fọ́tò yẹn ṣe pàtàkì. Ọjà tí owó rẹ̀ bá tó ohun tí ó lè dùn yín, ẹ fi fóònù ya ìwé iye tó wà lórí pẹpẹ pẹ̀lú ọjà náà papọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ẹ gba rìsíìtì, abala 118 ló sọ ọ́ di dandan fún wọn: orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́, orúkọ ọjà, iye ẹyọ kan, iye ẹyọ tí ẹ rà, àpapọ̀ owó àti owó orí gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bébà tí ẹ̀rọ káńtà ń tẹ̀ jáde kì í pẹ́ ṣá bí oòrùn bá pa á, nítorí náà ẹ ya òun náà ní fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á. Bó bá sì jẹ́ tiransífá lẹ fi sanwó, tí wọ́n ń pariwo pé àwọn ò rí alert, ẹ ṣí rìsíìtì inú áàpù báńkì yín, ẹ fi Session ID hàn wọ́n. Nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 30 ni; òun ni báńkì tiwọn á fi tọ owó náà dé ibi tó wà. Ẹ má tún owó san nítorí pé ẹnìkan ń jágbe mọ́ yín.

Ó wá kan blender tó jó. Àkọlé ara ògiri yẹn kò lágbára lórí ọjà tó ní àbùkù. FCCPC ti ń sọ ọ́ léraléra, abala 122 àti 131 sì wà níbẹ̀: ọjà gbọ́dọ̀ dára tó fún iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ tà á, ẹ sì lè dá èyí tó lábùkù padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ni kò wù yín mọ́, tàbí ẹ rí èyí tó dínwó níbòmíràn, ọwọ́ onítajà nìyẹn wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ni pé ṣọ́ọ̀bù á ní oníbàárà ló lò ó nílòkulò. Blender ilé kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsinmi. Ìwé inú páálí sábà máa ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè lò ó kó tó sinmi. Ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó lọ bá wọn, kí ẹ lè sọ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe lò ó: ata mélòó, omi wo, ìṣẹ́jú mélòó. Bí iná NEPA bá ṣe ségesège lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbé e kà yín lórí. Ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀.

Lórí ẹ̀ṣọ́: wọ́n lè ní kí ẹ jáde, torí ilé wọn ni, bí wọ́n bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jáde. Ohun tí wọn ò lè ṣe ni kí wọ́n fọwọ́ fà yín. Abala 124 ka ipá, ìhalẹ̀ àti ìyọlẹ́nu léèwọ̀ fún onítajà àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣojú rẹ̀. Ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, àti orúkọ àyà aṣọ rẹ̀ bí ẹ bá rí i. Kámẹ́rà inú ṣọ́ọ̀bù ti rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà máa ń pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kún, ó sì lè má ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí pé kí wọ́n tọ́jú àwòrán ọjọ́ àti wákàtí náà. Bí apá bá ń dùn yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ gba ìwé, kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á mọ̀ dáadáa: bí wọ́n bá fẹ̀sùn olè kàn yín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ tú yín láṣọ tàbí kó tì yín mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá tó bá mú èèyàn gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìfi falẹ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ní báyìí, ẹ kọ lẹ́tà sí mánéjà. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra ọjà náà, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, iye orí pẹpẹ, iye tí ẹ san, ọjọ́ tó bàjẹ́, ohun tí ẹ̀ṣọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè ohun kan pàtó: ₦28,500 padà, tàbí blender tuntun pẹ̀lú ₦2,500. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ 7. Lẹ́tà tó kàn ní "ẹ wá nǹkan ṣe sí i" ni wọ́n máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò parí rẹ̀. Ẹ béèrè pé kí akáṣíà àti ẹ̀ṣọ́ tọrọ àforíjì pẹ̀lú, ó tọ́ sí yín, ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ owó. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ti ọwọ́ yín, kó sì kọ ọjọ́ sí i.

Bí ọjọ́ 7 bá kọjá, ẹ gbé ẹ̀dà náà, rìsíìtì àti fọ́tò lọ sórí ìkànnì FCCPC, fccpc.gov.ng. Abala 146 òfin náà gbà yín láyè láti gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá onítajà fúnra rẹ̀, àjọ náà tàbí kóòtù. Ẹni tó bá wà l'Ékòó ní LASCOPA, àjọ ààbò oníbàárà ti ìpínlẹ̀ náà, pẹ̀lú, àti kóòtù ẹjọ́ kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Lẹ́tà tí ẹ kọ́kọ́ fi béèrè owó yín ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kò sì nílò lọ́yà. Àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ibi tí a ti ń gba owó ọjà padà. Ọ̀rọ̀ apá tí wọ́n fà nìkan ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Facebook. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọlọ́pàá mú obìnrin kan l'Ékòó nítorí ohun tó kọ síbẹ̀ nípa tòmátò kan tí ilé-iṣẹ́ ṣe tó rà, pé ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n gbé e dé kóòtù. Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ kọ ohun tí rìsíìtì àti fọ́tò lè jẹ́rìí sí: ọjọ́, iye, ohun tó bàjẹ́. Ẹ má kọ "olè", ẹ má kọ "oní-jìbìtì", ẹ má sì fi ojú akáṣíà síta.

Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ ọjà Bódìjà tàbí Alẹ́ṣinlọ́yẹ́ n'Ìbàdàn, níbi tí a ti ń dúnàádúrà, ọ̀nà tó yàtọ̀ ni. Ibẹ̀, ohun méjì ló ń fa èébú jù: kí ẹ dá iye tó rẹlẹ̀ jù fún ọjà, tàbí kí ẹ dá iye, kí ọlọ́jà gbà, kí ẹ wá yí ẹ̀yìn padà. Èyí kejì ni ìwà ìrẹ́jẹ lójú ọjà, pàápàá láàárọ̀ nígbà tí kò tíì tajé. Nítorí náà ẹ má dárúkọ iye tí ẹ kò ṣetán láti san. Ẹ bi í léèrè iye tó máa gbà jálẹ̀, bí kò bá bá yín lára mu, ẹ ní "ẹ ṣeun, ọjà á tà o", kí ẹ kọjá. Bó bá ṣì bú yín tàbí tó fà yín láṣọ, kò sí mánéjà, ṣùgbọ́n ìyálọ́jà tàbí bàbálọ́jà ìsọ̀ náà wà. Aláta ní tirẹ̀, aláṣọ ní tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìsọ̀ kejì, kí ẹ lọ ní ọ̀sán nígbà tí ọjà bá ti fúyẹ́, kí ẹ sì mú oníbàárà àtijọ́ kan dání bí ẹ bá rí. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè ní kó san owó ìtanràn, bẹ́ẹ̀ FCCPC kò lè tètè dé ibẹ̀ bíi tiwọn.

Títí tí ẹ ó fi gbọ́ èsì, ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ iná kankan tú blender náà wò. Bí wọ́n bá ti rí i pé ẹnìkan ti ṣí ìdè rẹ̀, wọ́n á ní òun ló bà á jẹ́. Ẹ nù ún, ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú fóòmù àti káàdì wáráǹtì. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi í sílẹ̀ láìgba ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọjọ́ sí.