Èsì: Ìgbà tó yẹ kí kóòṣì tọrọ ìdádúró

Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ tọrọ ìdádúró (ìsinmi ráńpẹ́ tí kóòṣì fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀) ní kété táwọn alátakò bá ti ń jẹ góòlù léraléra nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) tẹ́ni tó bá pàdánù ń lọ sílé. Ẹ má kánjú o. Lábẹ́ òfin FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé, 2 péré lẹ ní fún ìdajì àkọ́kọ́, 3 fún ìkejì. Ẹ fi ọ̀kan pa mọ́ de ìṣẹ́jú 2 tó gbẹ̀yìn: tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn, lápá ilé tiyín, òfin gbà kẹ́ ẹ ti iwájú, lápá ilé àwọn alátakò, bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdádúró náà. Tẹ́ ẹ bá kó àwọn ọmọ jọ, ẹ kàn sọ ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù àti ibi tó máa dúró. Àyà wọn á ti máa lù kìkì, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ò ní wọlé. Ẹni tó bá sì ti ní fáọ̀lù 4, ẹ jẹ́ kó jókòó ná. Ìkarùn-ún ló ń léni jáde.