Ẹ yí àwòrán ẹyẹ yẹn sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè bóyá ojúlówó ni àwòrán odídẹrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, èyí tí wọ́n ní inú ìwé ìrìnàjò John White, dókítà tó bá ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ọsirélíà, ló ti jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó o. Ọdún tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ yẹn ò jẹ́rìí nǹkan kan, torí ẹni tó bá da àwòrán náà kọ lánàá á da ọdún náà kọ mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹnìkan ti ta ayédèrú fún mi rí, ẹ̀yìn ìwé ló tú àṣírí ẹ̀. Ní 1790 tí ìwé yẹn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ara bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń fín ẹyẹ bí wọ́n ṣe ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n á ti yíǹkì sójú fínfín yẹn, wọ́n á nu ìyókù kúrò, wọ́n á wá tẹ ìwé tútù mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀rọ débi tí etí bàbà á fi wọnú ìwé. Ẹ fi ìka tọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ó mọ ibi tó wú yí àwòrán ká. Wọ́n lè ti gé etí yẹn dànù ṣá, ẹ wá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ojú ẹ̀, tó bá jẹ́ àmì róbótó kéékèèké ló tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ òde òní ló tẹ̀ ẹ́.

Àwọ̀ ló le jù. Àwọn ẹ̀dà kan lára ìwé yẹn jáde láìní àwọ̀, àwọn ọlọ́jà sì máa ń kùn ún báyìí kówó ẹ̀ lè gbéra. Àwọ̀ ewé ayé ìgbà yẹn, bàbà tó dógùn-ún ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ó máa ń jẹ ìwé díẹ̀díẹ̀, ẹ lè rí àpá ìyẹ́ odídẹrẹ́ náà tó ti pọ́n lẹ́yìn ìwé. Tí àwọ̀ ewé yẹn bá ń dán yinrin tí ẹ̀yìn sì funfun báláú, ẹ fura. Èyí tí ò ní àwọ̀ rárá wù mí ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ.

Ó ń dùn mí gan-an torí inú ìwé kan náà ni ẹyẹ funfun erékùṣù Lord Howe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọsirélíà, wà, ẹyẹ yẹn ti tán kí wọ́n tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1834, awọ méjì péré ló kù, ọ̀kan ní Vienna, ọ̀kan ní Liverpool, ẹnìkan á wá gbé ọ̀dà tuntun lé irú àwòrán bẹ́ẹ̀!

Ẹ ní kó tú férémù kó ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá ní kò ṣeé tú, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.