Kí ẹ tó padà sí abúlé tó ti di igbó

Àbúrò mi, o ní ìdílé yín fẹ́ padà sí abúlé tí ẹ ti sá kúrò láti ọdún mẹ́ta, o wá ń béèrè irúgbìn tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Ojú mi ti rí i. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 ló lé wa lóko. Oṣù Kejì ọdún 2001 la padà. Ilé ti jó, páànù ti ká kò, ewé Akíntọ́lá ti bo ojú ọ̀nà, àfòmọ́ sì ti gun orí kòkó bàbá mi.

Ti irúgbìn kò le. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ gbin àgbàdo nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, kí ẹ fi ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀. Ohun tí ẹ máa jẹ kí oko tó so ni kí o bi mí.

Àgbàdo á gbà tó oṣù mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ á tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan. Àpò gàrí kan làwa gbé lọ fún ènìyàn mẹ́sàn-án. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi tán. Nígbà tó máa fi di Oṣù Kẹrin, àgbàdo irúgbìn tí ìyá mi so sókè àjà la ń wò. Ó sunkún kó tó já a. A gbin ìdajì, a jẹ ìdajì, ìdajì oko sì ṣófo lọ́dún yẹn. Ẹ̀gẹ́ àtijọ́ kan ṣì wà nínú igbó, ó ti di igi, ó sì korò. Ó yẹ ká rin ín, ká dì í sápò, ká gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí omi rẹ̀ jáde, ká tó yan án. Ebi ò jẹ́. Ọjọ́ kan péré la fi sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, òòyì ń kọ́ ọ, kò lè dá dúró. Mo pọ̀n ọ́n rìn títí ilẹ̀ fi mọ́ kí n tó rí ọkọ̀. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé bí orí rẹ̀ ṣe wó sí mi lẹ́yìn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú jẹ ẹ̀gẹ́ tó korò.

Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wá ní Oṣù Kẹta. Wọ́n kọ orúkọ wa, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní irúgbìn àti ajílẹ̀ ń bọ̀. Oṣù Kọkànlá ni irúgbìn dé, nígbà tí òjò ti ká nílẹ̀! Ọ̀kan nínú wọn ní ká wú gbogbo kòkó ká tún òmíràn gbìn, bẹ́ẹ̀ kòkó tuntun á gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Àfòmọ́ la gé kúrò, a rẹ́ ẹ̀ka, a sì ká àpò méjì ní 2002. Bí ẹ bá ní kajú níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín gé e. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e.

Omi kànga ńkọ́? Ẹ fà á gbẹ kí ẹ tó mu níbẹ̀. Òkú ewúrẹ́ la bá nínú tiwa. Ẹ wọ bàtà òjò ṣán igbó, nítorí paramọ́lẹ̀ máa ń wà lábẹ́ ògiri tó wó. Ẹ ra iyọ̀, ìṣáná àti fáìlì tí ẹ máa fi pọ́n àdá, kí ó pọ̀.

Ìdílé kan ò gbọdọ̀ dá padà. Ilé márùn-ún la jẹ́, a dá àáró, oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la. Láìsí ìyẹn, à bá ti tún sá.

O ṣáà béèrè irúgbìn. Ewédú ni kí ẹ gbìn lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá dé, kí ẹ máa bomi rin ín, ẹ máa já a láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ènìyàn mélòó lẹ ń lọ? Kọ ọ́ sí mi, ká jọ ṣírò iye àpò gàrí tó máa gbé yín dé Oṣù Keje.